Gìgísẹ̀ Kì Í Ṣe Ìgbáròkó: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ẹ̀rọ Ultrasound

Wọ́n gbé màmá kan tí ìgbáròkó rẹ̀ kán dé láti Kubwa ní Abuja, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí síta, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ balùwẹ̀ ló yọ̀ ọ́. Nínú báàgì rẹ̀ ni bébà àyẹ̀wò egungun ọ̀fẹ́ wà, àwọ̀ ewé lórí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé egungun dára. Ohun tó ń bi wá léraléra ni pé, “Ṣebí wọ́n ní egungun mi le?” Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ti ń fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn. Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ̀yin tá a jọ ń di ẹ̀rọ ultrasound tó ń fi ìró yẹ egungun wò yìí mú, gìgísẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ìgbáròkó. Mi ò bá ẹ̀rọ jà o. Láti 1984 tí Langton àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní England ti gbé ọ̀nà yìí jáde ni wọ́n ti ń lo gìgísẹ̀, nítorí ẹran ibẹ̀ kò pọ̀, inú egungun rẹ̀ sì rí bíi kànìnkànìn. Ẹ̀rọ á rán ìró tó wà láàárín 200 sí 600 kHz gba inú rẹ̀ kọjá, á wo bó ṣe yára tó, ìyẹn SOS, àti bí egungun ṣe gbé e mì tó, ìyẹn BUA. Bí egungun bá ti fúyẹ́, méjèèjì á wálẹ̀.

Nọ́ńbà tó bá wálẹ̀ ní gìgísẹ̀ obìnrin tó ti dàgbà, ẹ gbà á gbọ́: ewu ìgbáròkó rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Èyí tó dára ni kò yẹ kó fọkàn yín balẹ̀. -2.5 tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, là kalẹ̀ ní 1994 gẹ́gẹ́ bí ibi tí egungun ti fúyẹ́ dójú àìsàn, ti DXA ni, ìyẹn X-ray tó ń wọn bí egungun ṣe ki tó. Ìgbáròkó lè ti dé ibẹ̀ kí gìgísẹ̀ má tíì sún mọ́ ọn rárá. Nítorí náà, ẹ fi bírò kọ “gìgísẹ̀ nìkan” sórí bébà. Ẹ tún béèrè: ṣé egungun rẹ ti kán rí nítorí pé o ṣubú lásán? Ṣé ìgbáròkó ìyá rẹ kán? Ṣé o ti lo oògùn prednisolone tó oṣù mẹ́ta? Ṣé nǹkan oṣù rẹ ti dúró ṣáájú ọdún 45? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ ọ́ sí DXA, ohunkóhun tí gìgísẹ̀ ì báà wí. Ẹ má sọ fún mi pé DXA wọ́n, pé kò pọ̀ lápá àríwá níbí. Mo mọ̀.

Ọyẹ́ náà ní tirẹ̀. Gìgísẹ̀ tó là máa ń há afẹ́fẹ́ mọ́nú, ìró kì í sì í gba ibẹ̀ kọjá dáadáa. Ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ nù ún, ẹ ki jẹ́ẹ̀lì bọ inú lílà náà, kì í ṣe orí rẹ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ tí AC ti mú tutù máa ń gbé SOS ga, egungun á wá dà bí ẹni pé ó le ju bó ṣe wà lọ. Ẹ jẹ́ kó móoru ná. Ẹsẹ̀ tó bá wú, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lo èkejì. Ẹ fi phantom, ohun ìdánwò tí a ti mọ nọ́ńbà rẹ̀, yẹ ẹ̀rọ wò láràárọ̀. Ẹ yọ ẹsẹ̀ jáde pátápátá kí ẹ tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Ultrasound tó ń wo ìgbáròkó fúnra rẹ̀ wà, REMS tí wọ́n ṣe ní Italy, probe rẹ̀, ìyẹn ohun tí a ń gbé lé ara, jẹ́ 3.5 MHz. Ẹ tẹ́ probe sí ìbámu pẹ̀lú ọrùn egungun itan, kí orí egungun àti ọrùn hàn pa pọ̀, kí ẹ sì tún depth (bí àwòrán ṣe jìn tó) àti focus (ibi tí ìró pé jọ sí) ṣe títí ọrùn yóò fi bọ́ síbi tí focus wà. Fún ẹni tí ìbàdí rẹ̀ lẹ́ran, depth ni ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá fò ó, ẹ̀rọ lè fún un ní nọ́ńbà tí kò ní láárí.

Ẹni tó jẹ́ SS tí ìgbáròkó ń dùn, X-ray tàbí MRI ni kó lọ yà. Orí egungun itan lè ti kú kí gìgísẹ̀ má sọ nǹkan kan. Ẹni tó sì ti ń lo oògùn egungun, ẹ má fi gìgísẹ̀ tọpa bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́; DXA ni kí wọ́n tún ṣe fún un, lórí ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n lò tẹ́lẹ̀.