Bí A Ṣe Tún Gbogbo Bíréèkì Píkọ́ọ̀pù 504 Bàbá Mi Ṣe

Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣì ń gbé pákí àti àpò gààrí láti oko wa wá sí Ọjà Tààrà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì wù mí kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i. Nǹkan bí ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé irú rẹ̀ jáde láti fi rọ́pò 404 tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ìdí tí ó fi gba ọkàn àwọn ènìyàn agbègbè wa kò fara sin: ó lè ru nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn ni sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ọ̀nà oko kì í sì í tètè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó bá lè ru tọ́ọ̀nù kan gbọ́dọ̀ lè dá tọ́ọ̀nù kan dúró. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí iṣẹ́ tí a ṣe lára ọkọ̀ yìí sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ni pé bíréèkì ọkọ̀ àtijọ́ kò ṣe é tún ṣe ní apá kan kí a sì fi apá yòókù sílẹ̀.

Àmì méjì ni ọkọ̀ náà ń fi hàn. A ní láti tẹ bíréèkì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó mú, bí ó bá sì mú, ọkọ̀ á fẹ́ yà sí apá òsì. Bàbá mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ti ń tú Peugeot láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó wà ní Kàdúná ṣì ń to 504 jọ. Kò fọwọ́ kan ohunkóhun kí ó tó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wá sílẹ̀. Díìsìkì, irin róbótó tí ń bá táyà yí, àti páàdì tí ń fún un mọ́ra, ni ti iwájú. Dúrọ́ọ̀mù, irin bí ìlù tí láínìnì wà nínú rẹ̀ tí ń tì í láti inú kí ó lè dúró, ni ti ẹ̀yìn. Páàdì iwájú ti jẹ dé ibi irin, èyí kò sì yà mí lẹ́nu. Ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé láínìnì ibẹ̀ ṣì nípọn bí ẹni pé àná ni wọ́n fi í sí i, eruku gbígbẹ sì ni ó bò ó. Bàbá fi ọwọ́ tọ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ọ́ìlì bíréèkì lọ síbẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ti fi òòlù lu ẹnu rẹ̀ pa. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá mi, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ yín fi ń dúró."

Àṣà burúkú ni èyí, ó sì wọ́pọ̀. Bí sílíńdà kékeré tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù bá ń jò, tí ẹni tó ni ọkọ̀ kò bá fẹ́ ná owó, tàbí tí mẹkáníìkì kò bá rí èyí tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn á dí páìpù ẹsẹ̀ náà pa. Ọ́ìlì kò ní jò mọ́, bíréèkì á sì le lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ á sanwó, á sì máa lọ. Lójú ọ̀nà gbígbẹ, pẹ̀lú ẹrù díẹ̀, ó lè má mọ̀ rárá. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí ó sì ní láti dúró lójijì ni ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò yí, nítorí pé apá kan ń dúró, apá kejì sì ń yí lọ. Mi ò rí ìdí kankan tí ó tó fún un, àní fún ìrìn tí kò ju láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé ilé lọ.

Bí bíréèkì olómi ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an kò fàyè gba irú àbùlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Blaise Pascal, ọmọ Faransé, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé bí a bá tẹ omi tí a sé mọ́ inú nǹkan, agbára títẹ̀ náà yóò dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ bákan náà. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ti ọ́ìlì inú másítà sílíńdà, ìyẹn sílíńdà àgbà tí ó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ́ìlì náà sì ń ti páàdì àti láínìnì. Nítorí náà, ibi tí rọ́bà kan bá ti rọ, tàbí tí atẹ́gùn díẹ̀ bá wọ̀, agbára tí ó yẹ kí ó dé gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ á ti sọnù síbẹ̀. Bí a bá fi páàdì tuntun sí iwájú, tí másítà sílíńdà kò sì lè mú ọ́ìlì dúró, owó páàdì náà ti wọ inú igbó. Bàbá àti èmi fẹnu kò pé a ó pààrọ̀ páàdì, láínìnì ẹ̀yìn ní apá méjèèjì, gbogbo rọ́bà inú sílíńdà, sílíńdà ẹ̀yìn méjèèjì, páìpù tí wọ́n lù pa, àti àwọn họ́ọ̀sì rọ́bà tí ń tẹ̀ bí táyà bá ń yí. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí kí ó má gbàgbé họ́ọ̀sì: lóde, ó lè dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, kí inú rẹ̀ sì ti wú débi pé ọ́ìlì á kọjá lọ ṣùgbọ́n kò ní padà kíá, táyà náà á sì máa gbóná lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì bíréèkì ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn ń fojú kékeré wò. Ọ́ìlì tí ọkọ̀ wa ń lò, DOT 3 tàbí DOT 4 (irú ọ́ìlì tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀), máa ń fa omi láti inú atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀, àní bí ìdérí rẹ̀ bá dé dáadáa. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa omi tán, ìwọ̀n tí a ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju 155°C lọ. Ti DOT 3 jẹ́ 205°C àti 140°C. Bí ọkọ̀ tó ru pákí bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí awakọ̀ sì ń tẹ bíréèkì léraléra, ooru páàdì á wọ inú ọ́ìlì, omi inú rẹ̀ á hó, á di atẹ́gùn gbígbóná. Atẹ́gùn ṣe é fún pọ̀, omi kò ṣe é fún pọ̀: ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ awakọ̀ fi máa ń rì dé ilẹ̀ lójijì nínú ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ṣì dára ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Omi yẹn kan náà ni ó ń mú inú sílíńdà dógùn-ún. Ọdún méjì-méjì ni ó yẹ kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà, ìgò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kò tíì ṣí.

Bí a ṣe ń fọ àwọn ẹ̀yà náà tún ṣe pàtàkì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ti fẹ́ rẹ sílíńdà àti rọ́bà tuntun sínú pẹtiróòlù, bí wọ́n ṣe ń fọ irin ẹ́ńjìnnì, Bàbá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíá. Pẹtiróòlù, dísẹ́ẹ̀lì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń mú rọ́bà bíréèkì wú, rọ́bà tó bá sì ti wú yóò há mọ́ inú sílíńdà tàbí kí ó ya. Ọ́ìlì bíréèkì mímọ́ ni a fi fọ̀ wọ́n, òun náà ni a sì fi pa wọ́n lára kí a tó tì wọ́n wọlé. Ohun kejì tí mo bẹ̀ wọ́n lé lórí ni eruku inú dúrọ́ọ̀mù. Asbestos, ohun èlò tí iná kì í jó, wà nínú ọ̀pọ̀ láínìnì àtijọ́, eruku rẹ̀ sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ènìyàn ti fà á símú. Síbẹ̀ atẹ́gùn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni wọ́n máa ń fi fẹ́ ẹ dànù ní ọ̀pọ̀ ibi, tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún á sì dúró sí àárín rẹ̀. A fi omi rin eruku náà, a fi àkísà nù ún, a sì di àkísà náà sínú ọ̀rá kí a tó jù ú nù. Kò gba àkókò rárá, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọ̀gá tó ní ọmọ iṣẹ́ máa ṣe é.

Dúrọ́ọ̀mù méjèèjì lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ léètì, nítorí pé ojú wọn ti ní ilà. Méjèèjì ni ó ha inú wọn dọ́gba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọ̀tún kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí pé bí inú ọ̀kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, ọkọ̀ á tún máa yà. Lẹ́yìn náà ni a wá fa atẹ́gùn jáde nínú ọ̀nà ọ́ìlì bíréèkì. Láti ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún títì, apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó, másítà sílíńdà sì wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni ó jìnnà sí i jù, láti ibẹ̀ ni a sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ń tẹ bíréèkì, ó ń dì í mú, Bàbá ń tú nọ́ọ̀tì kékeré tí atẹ́gùn ń gbà jáde lẹ́yìn sílíńdà, ó ń wo bí ìfófò ṣe ń gba inú họ́ọ̀sì funfun jáde sínú ìgò, títí ọ́ìlì fi ń jáde láìsí ìfófò kankan.

A kọ́kọ́ dán an wò lófìfo, lẹ́yìn náà a di àpò gààrí sí i, a sì gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ dé Odò Ọbà. Ìdánwò pẹ̀lú ẹrù ni ó ṣe pàtàkì jù fún píkọ́ọ̀pù. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo, táyà ẹ̀yìn fúyẹ́, wọ́n sì lè há kí ti iwájú tó mú. Bí ẹrù bá wà níbẹ̀, bíréèkì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ púpọ̀ sí i. Eré sísá náà ní tirẹ̀: ọkọ̀ tó ń sá 80 km/h ní ìlọ́po mẹ́rin agbára tí ó ní ní 40 km/h, bíréèkì sì ni yóò sọ gbogbo rẹ̀ di ooru. Lójú ọ̀nà tí a ti ń bá tírélà tó ń lọ sí Òkè Ọya du àyè, mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ mi wá máa gba ìpín rẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó dúró gbọnin, kò sì yà sí ibì kankan. Bàbá ní kí a má tíì máa tẹ̀ ẹ́ lójijì títí páàdì àti láínìnì tuntun yóò fi bá ojú irin mu.

Okùn háńdì bíréèkì nìkan ni ó kù. Èyí tó wà níbẹ̀ ti dógùn-ún mọ́ inú ike rẹ̀, tòkunbọ̀ tí a rí sì kúrú, nítorí pé ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 504 ni, kì í ṣe ti píkọ́ọ̀pù. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá a ní Ìbàdàn. Títí yóò fi dé, igi méjì tí a gé ní ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta wà lẹ́yìn ìjókòó, ọmọ tó ń bá mi já ẹrù sì ti mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpò kankan kí òun tó fi wọ́n há abẹ́ táyà ẹ̀yìn.