Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí iṣẹ́ pólímà, ẹ má dúró de ìparí

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù pólímà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ gbé PISA (polymerisation-induced self-assembly) lé yín lọ́wọ́, ìyẹn ọ̀nà tí pólímà, ẹ̀wọ̀n mólékù gígùn, fi ń kóra jọ fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ́wọ́. Téèyàn bá ń wò ó lókèèrè, kò le rárá. Ẹ ó po èròjà mọ́ omi, ẹ ó fi náítírójìn lé ọ́síjìn jáde, ẹ ó gbé ìgò sínú ooru 70 °C, nígbà tó bá fi máa di wákàtí méjì, nanoparticle, ìyẹn hóró tíńtìntín tí ojú lásán ò lè rí, ti délẹ̀. Ohun tí mo kọ́ nídìí ẹ̀ ni pé ẹni tó bá dúró de wákàtí méjì yẹn kó tó yẹ inú ìgò wò, eré ti parí kó tó dé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, wọ́n á ṣe block copolymer, ìyẹn ẹ̀wọ̀n pólímà tó ní apá méjì tí èròjà wọn yàtọ̀, tán ná, wọ́n á yọ́ ọ sínú kẹ́míkà tó gba apá rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á wá máa kán omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí táá fi kóra jọ. Ó ń falẹ̀, pólímà tó ń wà nínú omi náà kì í sì í sábà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú PISA, inú omi gan-an ni apá kejì ti ń gùn lára apá àkọ́kọ́. Bó bá gùn débì kan, omi ò ní gbà á mọ́. Àwọn ẹ̀wọ̀n náà á kóra jọ: apá tó fẹ́ omi á wà níta, èyí tí kò fẹ́ ẹ á sá sínú. Ẹ lè ṣe é ní ìdá 10 títí dé 25 nínú ọgọ́rùn-ún.

PGMA (apá àkọ́kọ́, tó fẹ́ omi) àti PHPMA (apá kejì, tí kò fẹ́ ẹ) ni mo máa ń fi ṣàlàyé, èyí tí ikọ̀ Steve Armes ní Yunifásítì Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ lé lórí gan-an. Mónómà HPMA, ìyẹn èròjà kéékèèké tí wọ́n ń so pọ̀ di PHPMA, ń yọ́ nínú omi, PHPMA kì í yọ́. Lọ́dún 2011, wọ́n ń fa díẹ̀díẹ̀ jáde nínú ìgò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, wọ́n sì ń gbé e sábẹ́ TEM, máíkírósíkópù tó ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀wọ̀n tó yọ́ lásán ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mónómà tó ti wọlé sínú ẹ̀wọ̀n sún mọ́ ìdajì, àwọn róbótó kéékèèké yọjú, iṣẹ́ náà sì sáré sí i ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún, torí mónómà tó kù ti sá wọ inú àwọn róbótó náà. Àwọn róbótó so pọ̀ di ohun gígùn bí ekòló, ekòló yọ ẹ̀ka, ẹ̀ka tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dà bíi jellyfish, ẹran omi tó rí bí agboòrùn, jellyfish wá ká ara rẹ̀ pọ̀ di àpò tó ṣófo nínú. Ẹni tó dúró de ìparí, àpò nìkan ló máa rí.

Nítorí náà, ẹ máa fi síríńjì tí ẹ ti fi náítírójìn fọ̀ fa díẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí afẹ́fẹ́ sì kàn án, kó dáwọ́ dúró. Ẹ pín in: apá kan fún NMR, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì yẹ mólékù wò, kí ẹ mọ iye mónómà tó ti wọlé, apá kan fún TEM. Ẹ má gbára lé DLS, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí hóró ṣe tóbi tó, nìkan o. Kò mọ ekòló. Gbogbo ohun tó bá rí, róbótó ló kà á sí, nọ́ńbà tó máa fún yín á sì dùn ún gbọ́.

Ekòló yìí tún ní àrà kan. Bó bá pọ̀ tó nínú omi, á di jẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀kọ máa ń dì bó bá tutù, àmọ́ jẹ́ẹ̀lì yìí, ẹ gbé e sí fíríìjì ní nǹkan bíi 5 °C, ṣe lá máa ṣàn, torí PHPMA á mu omi díẹ̀ sí i, ekòló á já sí róbótó. Bó bá móoru padà, á tún dì. Ìgbà tó bá ń ṣàn yẹn ni wọ́n máa ń fi asẹ́ yọ kòkòrò bakitéríà kúrò nínú ẹ̀. Ẹ má mú ìgò láti fíríìjì lọ tààrà sídìí TEM, kí ẹ wá máa wá ekòló níbẹ̀.

Ní ti apá àkọ́kọ́, ìyẹn PGMA, ẹ má jẹ́ kí mónómà rẹ̀ tán pátápátá kí ẹ tó dá a dúró, kí orí RAFT, ìyẹn èròjà tó wà lórí ẹ̀wọ̀n tó ń jẹ́ kó lè máa gùn lọ, má bàa bọ́. Tó bá jẹ́ dithiobenzoate, irú orí RAFT kan, lẹ lò, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni ìyẹ̀fun PGMA náà máa ń ní. Bó bá ti funfun lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ tán, orí ti bọ́ nìyẹn, ẹ ṣe òmíràn.

Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé “PHPMA200 ló ń di àpò” (200 ni iye mónómà tó so pọ̀ di apá náà) láìsọ gígùn PGMA àti iye pólímà tó wà nínú omi. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára ìgò.