Ohun tí ojú mi kò tètè rí nínú ìjọ tí mo fi sílẹ̀

Ní oṣù Keje ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 77, tọmọdé tàgbà, jáde láti inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé ìjọsìn kan ní àdúgbò Valentino ní ìlú Oǹdó. Àlàyé tí àwọn ọlọ́pàá ṣe ni pé igbákejì olùṣọ́-àgùntàn ìjọ náà ló sọ fún àwọn ọmọ ìjọ pé ìgbàsókè yóò wáyé ní oṣù Kẹrin, tí ó sì sún un sí oṣù Kẹsàn-án nígbà tó yá, àti pé ó pàṣẹ fún àwọn ọ̀dọ́ pé òbí wọn nínú Olúwa nìkan ni kí wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ka ìròyìn náà ń bú àwọn ènìyàn wọ̀nyí pé wọn kò gbọ́n. Èmi kò lè bú wọn, nítorí mo mọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Mo ti gbọ́ ọ rí nínú gbọ̀ngán tó mọ́ tónítóní, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láti ẹnu ọkùnrin tó kàwé, tí kò sì dá ọjọ́ ìgbàsókè kankan fún wa.

Ọdún mẹ́fà ni mo lò nínú ìjọ yẹn ní Ìbàdàn. Dádì ni gbogbo wa ń pe olùṣọ́-àgùntàn, kì í sì í ṣe orúkọ lásán: ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ tuntun, ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé tó ń gbé, ọmọbìnrin tí ọkùnrin ń bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́, gbogbo wọn ní láti kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Dádì lọ, kí ó gbàdúrà sí i, kí ó sì fún wọn lésì. Nígbà tí àbúrò mi bímọ ní Abẹ́òkúta, tí ìsọmọlórúkọ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, mo tọrọ àyè, wọn kò fún mi, mo sì lọ. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, nígbà ẹ̀kọ́ Bíbélì, Dádì sọ̀rọ̀ nípa "arábìnrin kan" tó ti sọ ẹbí di òrìṣà, ó sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ kan nípa ìgbéyàwó àwọn òbí mi tí ó jẹ́ pé aṣáájú ẹgbẹ́ àdúrà wa nìkan ni mo sọ ọ́ fún, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú omijé. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí n mọ̀. Odindi ọdún méjì ni mo tún lò lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó dá mi dúró kò lè ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀. Láti kékeré ni a ti kọ́ wa pé a kì í já àgbà níyàn. Ẹ̀kọ́ rere ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jẹ gàba lórí wa yóò bá a nílẹ̀, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa. Ẹ̀rù ayé náà sì wà. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún ẹni tó gbà pé ọ̀tá ń bẹ lẹ́yìnkùlé pé, bí ó bá jáde kúrò lábẹ́ ìbòrí bàbá rẹ̀ nípa ti ẹ̀mí, ọfà tó ń fò lọ́sàn-án yóò bà á, wọn kò nílò àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Wọ́n á ka orúkọ àwọn tó ti kúrò, wọ́n á sì so gbogbo àìsàn, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìjàǹbá ọkọ̀ tó bá wọn mọ́ ọjọ́ tí wọ́n lọ. Wọn kì í dárúkọ àwọn tó lọ tí ara wọn le, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ka àìsàn àwa tí a dúró.

Ẹ̀kọ́ ìbòrí yìí ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùkọ́ Bíbélì márùn-ún tó fi Fort Lauderdale ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ṣe ibùjókòó ń kọ́ni pé kí onígbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan ní olùṣọ́ kan tí yóò máa tẹrí ba fún, kò sì pẹ́ tí àṣẹ olùṣọ́ fi wọ inú ọ̀rọ̀ iṣẹ́, owó àti ìgbéyàwó. Bob Mumford, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún, tọrọ àforíjì ní gbangba ní 1989. Ohun tí mo gbọ́ ní Ìbàdàn jọ ti wọn bí ìbejì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ni bẹ́ẹ̀ ti kábàámọ̀.

Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́ ni Sáàmù 105 ẹsẹ 15, pé kí a má ṣe fọwọ́ kan ẹni àmì òróró Olúwa. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ ka orí náà láti òkè ni mo rí i pé Ábúráhámù, Ísáákì àti Jékọ́bù ni ẹni àmì òróró tí ibẹ̀ ń sọ, nígbà tí wọ́n kéré níye, tí wọ́n jẹ́ àlejò tó ń ṣí kiri láti ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Àwọn ọba ni Ọlọ́run sì ń bá wí nítorí wọn. Aláìlágbára ni ẹsẹ náà ń dáàbò bò lọ́wọ́ alágbára. Dáfídì náà jẹ́ ẹni àmì òróró, Nátánì sì bá a wí lójúkojú. Nínú Máàkù orí 7, Jésù bínú sí àwọn tó ń kọ́ni pé ohun tó yẹ kí ènìyàn fi tọ́jú òbí rẹ̀ ti di ẹ̀bùn fún Ọlọ́run. Ọ̀sẹ̀ tí mo fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi gbin irúgbìn ọrẹ nínú ìjọ ni mo ka èyí, ó sì dùn mí dé egungun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́, òfin púpọ̀ kọ́ ni àmì ìjọ tó ń jẹ gàba lórí ènìyàn. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni ìyá mi ń lọ. Wọ́n ń bọ́ bàtà, wọ́n ń wọ aṣọ funfun, wọ́n sì ń gbààwẹ̀ jù wá lọ. Nígbà tí orúnkún ń dà á láàmú, tí ó ní òun fẹ́ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó wà nítòsí ilé, àwọn àgbà ìjọ ní ó dára, wọn kò sì yéé wá kí i. Ní tiwa, ọ̀rẹ́ mi kan kúrò, wọ́n pàṣẹ pé kí a pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù, mo sì pa á rẹ́. Ohun tí mo máa ń wò báyìí nínú ìjọ yòówù ni bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tó béèrè pé ta ló ń ka owó, ẹni tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó di ọ̀la, àti ẹni tó ní ó dàbọ̀.

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí èmi náà kúrò kí n tó wá ọ̀rẹ́ yẹn lọ. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò mí, ó ní kí n wọlé wá jẹun.

Ẹnì kan tí mo fẹ́ràn ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń pè é. Bí mo bá bú Dádì, yóò pa fóònù, nítorí náà mi kì í dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo ń béèrè, àti ọjà, àti bóyá ó ń sùn dáadáa. Ní oṣù tó kọjá, ó bi mí bóyá nǹkan burúkú kankan ti ṣẹlẹ̀ sí mi láti ìgbà tí mo ti lọ. Mo ní rárá. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ní kí n má gbàgbé láti pe òun ní Sátidé.