Ẹ̀dà sáfà wa ti dé Ìbàdàn

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: orí Synapse ni ilé ìtàkùrọ̀sọ wa wà, ọ̀kan nínú àwọn sáfà tó ń lo Matrix, ìlànà tó ń jẹ́ kí àwọn sáfà ìtàkùrọ̀sọ bára wọn sọ̀rọ̀. A lé díẹ̀ ní èèyàn 120, láti Ìbàdàn, Èkó àti Kútọnu títí dé Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Òwe, oríkì, àlọ́ àti orúkọ ewé la máa ń kó síbẹ̀. Jámánì ni ẹ̀rọ tí mo háyà wà, torí iná ibẹ̀ kì í ṣẹ́jú.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Lọ́jọ́ náà, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, WACS àti SAT-3 wà lára wọn, íntánẹ́ẹ̀tì sì lọ ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ohunkóhun ò ṣe sáfà wa. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń tàkùrọ̀sọ nìṣó, wọ́n ń béèrè wa. Àwa tí a wà nílé la ò rọ́nà débẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀. Láti ìgbà náà ló ti wà lọ́kàn mi pé ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ máa sùn nílé.

Sátidé

Raspberry Pi 4 oní-8GB, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni mo lò. Mi ò fi dátábéèsì sórí káàdì SD, nítorí PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì náà, kì í yéé kọ̀wé, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń tètè pa káàdì. SSD 500GB ni mo so mọ́ ọn láti ojú USB. Ínfátà tó ń gbé fáànù pálọ̀ ló ń gbé òun náà, kò sì jẹ iná tó nǹkan kan.

Ọ̀nà ló gba àkókò. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì IP kan ṣoṣo, nítorí náà ará ìta ò lè kan ilẹ̀kùn mi tààrà. Pi fúnra rẹ̀ ni mo wá ní kó máa pe Jámánì. Mo fi WireGuard la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, mo sì fi PersistentKeepalive sí 25, kó lè máa ké sí ọ̀hún ní ìṣẹ́jú àáyá 25 síra, kí ọ̀nà má baà dí.

Ọjọ́ Ajé

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì ní aago méjì òru. Lójú mi, apá yẹn ti parí, kí n kó o wá sílé ló kù. Mo wọ inú fódà, mo ní kó to àwọn fáìlì bí wọ́n ṣe tóbi sí. Mọ́kàndínlógún tó gbẹ̀yìn, báìtì 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Báìtì 20! Fáìlì gzip (ètò tó ń di fáìlì pọ̀ kó lè kéré) tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ló máa ń tó bẹ́ẹ̀: èèpo ẹ̀pà tí kò lọ́mọ nínú. Àyà mi já. Odidi ọjọ́ 19 ni ilé wa fi wà láìní ẹ̀dà tuntun, èmi sì ń sùn fọnfọn.

Mo tú u wò títí mo fi rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo gbé PostgreSQL láti 15 bọ́ sí 16, pg_dump ti 15, ètò tó ń da ẹ̀dà dátábéèsì jáde, ni ìwé àṣẹ mi ṣì ń pè, pg_dump kì í sì í gbà láti da dátábéèsì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ju tirẹ̀ lọ. Ó kọ̀, ó sì sọ pé òun kọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi páìpù so ó mọ́ gzip, Bash tó ń ka ìwé àṣẹ náà sì rèé, ẹni tó gbẹ̀yìn nínú ìlà nìkan ló máa ń gbọ́ tirẹ̀ àyàfi tí a bá ní kó ṣe bíi mìíràn. Gzip gba òfìfo, ó di òfìfo, ó ní iṣẹ́ ti parí. Ẹjọ́ tí pg_dump rò wà nínú lọ́ọ̀gù tí mi ò ṣí.

`set -o pipefail` ti wà lókè ìwé àṣẹ náà báyìí, kí ìjákulẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú ìlà lè hàn. Bí fáìlì òní bá sì kéré sí ìdajì ti àná, sáfà á fi àtẹ̀jíṣẹ́ jí mi.

Ọjọ́bọ̀

Ẹ̀dà tó péye balẹ̀ sí Ìbàdàn. Synapse fẹ́ kí dátábéèsì òun wà ní ìtò C, ìyẹn ni pé kó máa to ọ̀rọ̀ ní nọ́ńbà lẹ́tà, kì í ṣe ìtò ti èdè kankan, nítorí náà mo dá a láti ara template0, àwòṣe òfìfo ti PostgreSQL, pẹ̀lú LC_COLLATE='C' kí n tó da ohunkóhun sínú rẹ̀. Mo kó fódà àwòrán àti ohùn wá, àti signing.key. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé kọ́kọ́rọ́ yẹn, òun ni èdìdì tí sáfà fi ń tẹ ohun gbogbo tó bá sọ fún àwọn sáfà yòókù. Mo yọ Pi kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó tan Synapse níbẹ̀, torí sáfà méjì ò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà níta.

Sátidé kejì

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ 19 náà fún gbogbo ilé. Màmá wa tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ dáhùn: “Ọmọ mi, ṣé oríkì bàbá mi ṣì wà níbẹ̀?”

Mo wá “ọ̀kín”, ọ̀rọ̀ kan nínú oríkì náà, nínú ẹ̀dà Ìbàdàn, kò sí. Mo wá a ní Jámánì, kò sí. Ara mi bù máṣọ.

Ó wà níbẹ̀. Fóònù Màmá máa ń kọ ò ná kó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀: U+00F2, lẹ́yìn náà U+0323 (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà àti àmì). Tèmi máa ń kọ ọ ná, kó tó gbé ohùn lé e lórí: U+1ECD, U+0300. Lójú èèyàn, ọ̀ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú yàrá náà jáde, mo fi unicodedata ti Python sọ wọ́n di NFC, ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo fún lẹ́tà kan náà, oríkì náà sì yọ, kò fo ìlà kan.

“Ó wà níbẹ̀, Mà. Ó wà ní Jámánì, ó sì wà ní Ìbàdàn.”

Ó fi ohùn ránṣẹ́ padà, ó ki bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mi ò lè tún àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ kọ, nítorí ìbuwọ́lù wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Atọ́ka kan tó máa sọ gbogbo rẹ̀ di NFC lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni mò ń kọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àdírẹ́sì IP tó jẹ́ ti Pi nìkan ló kù. Àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà máa ń pàdé ní IXPN, ibi tí wọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì fún ara wọn nílé níbí, nítorí náà ọ̀rọ̀ láti Èkó lè dé Ìbàdàn láìfẹsẹ̀ kan òkun, bí ilẹ̀kùn bá ti lè ṣí níbí. Mo ti béèrè iye tí wọ́n ń gbà, mò ń retí èsì.