Fèrèsé Lọ́ńdọ̀nù àti Òdòdó Ara Ògiri ní Pópó Àgùdà

Igi ìsàlẹ̀ nìkan ni ó jẹrà lára fèrèsé iwájú ilé wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n odindi oṣù mẹ́ta ni èmi àti káńsù fi kọ̀wé síra wa kí káfíńtà tó fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ yọ fèrèsé onígi ayé àtijọ́ náà, irú èyí tí a máa ń tì sókè, kí n sì fi oníke rọ́pò rẹ̀, nítorí pé oníke kì í jẹrà, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti onígi. Òṣìṣẹ́ káńsù fèsì pé kò ṣeé ṣe. Kì í ṣe pé ènìyàn ńlá kan gbé ilé wa rí. Àdúgbò náà lápapọ̀ ni òfin dáàbò bò nítorí ìtàn rẹ̀, káńsù sì ti fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Article 4 gba ẹ̀tọ́ tí onílé ibòmíràn ní láti ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ láìtọrọ àyè. Bí mo bá tún ti onígi náà ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, n kò nílò ìwé kankan. Bí mo bá fẹ́ yí i padà, ó di ọ̀ràn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwòrán ilé, àti ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná kí aládùúgbò tí kò bá fara mọ́ ọn lè sọ tirẹ̀. Ẹnìkan kọ̀wé lòdì sí mi. Èmi àti onítọ̀hún ṣì ń kí ara wa láàárọ̀.

Ní 1967 ni òfin tó dá irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ jáde, ìlú Stamford ni ó sì kọ́kọ́ bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Lónìí, wọ́n tó nǹkan bí 10,000 ní England nìkan. Igi àgbàlá pàápàá kò yọ sílẹ̀: bí ó bá nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 7.5 lọ ní ibi tó ga tó mítà 1.5 sílẹ̀, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fi tó káńsù létí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú kí ó tó gé ẹ̀ka rẹ̀. Ilé tí orúkọ tirẹ̀ gan-an wọ ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí ilé ìtàn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni kí onílé wó ògiri àtijọ́ inú rẹ̀ láìgbàṣẹ, kò sì sí iye ọdún tí yóò kọjá tí káńsù kò ní lè pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà, kódà bí ilé náà bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó ni ilé ìyá mi wà, láàárín àwọn ilé tí àwọn tó ti Bràsíìlì padà wálé kọ́. Àwọn bíríkìlà Àgùdà mọ iṣẹ́: João Baptista da Costa tó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ mọ sókè ẹnu ọ̀nà wa ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé onígi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti di alumíníọ̀mù láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè. Nígbà tí mo ráhùn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi dá mi lóhùn pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìtàn ló máa dí ihò òrùlé?"

Ilé ẹbí ni. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i lé ní ogójì, àwọn mìíràn wà ní Kùtọnu, àwọn mìíràn wà níbí, kí gbogbo wọn sì tó dá owó páànù jọ, òjò ọdún méjì yóò ti rọ̀ kọjá. Ọjọ́ tí akọ́lé olówó bá dé pẹ̀lú ìlérí ìsọ̀ nísàlẹ̀ àti fúláàtì lókè ni ohùn ẹbí máa ń ṣọ̀kan kíákíá.

Mo máa ń fi ilé méjì wé ara wọn. Ilojo Bar, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí 1855 sí Tinúubú, ti wà nínú ìwé ìjọba àpapọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìtàn láti 1956, síbẹ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, akọ́lé kan ti wó Carlton Tavern, ilé ọtí kan ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, láìgbàṣẹ, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé. Káńsù Westminster pàṣẹ pé kí ó tún un kọ́ bíríkì sí bíríkì, ilé ọtí náà sì tún ṣílẹ̀kùn ní 2021. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé àwọn ará àdúgbò ti fura, wọ́n sì ti jẹ́ kí wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ ara ilé náà kí ó tó wó.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbí máa ń sọ pé ará Èkó kò mọyì ohun àtijọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí n tó sanwó ilé mi ni lọ́ọ́yà ti fi òfin àdúgbò hàn mí. Mo mọ ohun tí mo ń rà, ẹwà àdúgbò náà sì wà lára ohun tí mo sanwó fún, nítorí náà ìnira fèrèsé mi kò ṣàìní èrè. Ní ti ilé ìyá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo tí a rí rí ni èyí tó wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri pé ilé náà ti ń dẹnu kọlẹ̀, kí a kó jáde. Kò bá wa sọ̀rọ̀ àtúnṣe, kò sì bi wá nípa òdòdó.

A ṣe ìpàdé ẹbí lórí WhatsApp ní oṣù tó kọjá. N kò lágbára láti dá owó òrùlé náà san, nítorí náà ohun kan ni mo bẹ̀ wọ́n fún: kí wọ́n ya àwòrán gbogbo ara ilé, kí wọ́n sì wọn òdòdó ẹnu ọ̀nà náà níbùú àti lóròó. Àbúrò mi kan gun àkàbà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwòrán mọ́kànlá ni ó fi ránṣẹ́. Ọ̀dà pupa náà hàn nínú mẹ́rin.