Àdámọ́ Kì Í Ṣe Bárakú

Àdámọ́ ni ohun tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ ènìyàn, tí ó sì bá a dé ilé ayé. Bí a bá fi ohùn ìsàlẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà, ó di àdámọ̀, èyí tí àwọn oníwàásù ń pe ẹ̀kọ́ òdì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, kí ó má bínú bí a bá kà á sí aládàámọ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni àbúrò mi ọkùnrin. Ìyá wa kò gbà kí ọmọ òun máa fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, nítorí náà, nígbàkígbà tí ó bá ti ki ọwọ́ òsì bọ àwo ẹ̀bà ni ọmọ orógùn ń bà á lọ́wọ́. Ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń jẹun tí ó sì fi ń kọ̀wé títí di òní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé àdá fún un, òsì ni yóò nà. Ìyá wa àgbà a rẹ́rìn-ín, wọn a ní báwo ni a ṣe fẹ́ ṣe ebòlò tí kò ní rùn igbẹ́, báwo ni a sì ṣe fẹ́ ṣe Ifá tí kò ní hùwà ẹkùrọ́. (Èso ọ̀pẹ ni ikin tí babaláwo fi ń dífá, ẹni tí kò mọ èyí, ìdajì òwe náà ti fò ó dá.)

Àmútọ̀runwá sún mọ́ àdámọ́, ṣùgbọ́n orúkọ bíi Táíwò, Òjó, Ìgè àti Dàda ni a sábà máa ń fi í pè. Bárakú ni ó ń dà wá láàmú. Ohun tí a fọwọ́ ara wa bẹ̀rẹ̀ ni, bíi tábà, ọtí tàbí tẹ́tẹ́, tí ó wá lẹ̀ mọ́ni bí ẹni pé yóò bá ara kú. Lóde òní, ẹni tí ó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ènìyàn àti ẹni tí kì í dá owó olówó padà, àdámọ́ ni wọ́n ń pè é.

Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Mo fi wákàtí méjì pẹ́ dé ilé ìyá mi, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Mọ́mì, àdámọ́ mi ni.” Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń já ẹ̀fọ́.

“Ọjọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì dá fún mi gan-an ni mo bí ọ. Níbo ni o ti wá rí àdámọ́?”