Yàrá Mélòó Ló Ṣófo?

Ọjọ́rú. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Kíláàsì Kìíní mi ní nọ́ńbà méjì-méjì tó ń para pọ̀ di mẹ́wàá. Mo kọ wọ́n sójú pátákó, a sì ń fi wọ́n kọrin: ọ̀kan àti mẹ́sàn-án, méjì àti mẹ́jọ, títí dé márùn-ún àti márùn-ún. Orin náà dùn lẹ́nu wọn débi pé ọkàn mi balẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo bi wọ́n lánàá pé èwo ni ẹnì kejì méje, gbogbo wọn padà sórí ọ̀kan àti mẹ́sàn-án, wọ́n ń kọrin bọ̀ títí wọ́n fi pàdé méje lójú ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan na ìka méje sókè, ó ká mẹ́ta kò, ó wá ń wo ojú mi pé kí n sọ ìdáhùn fún òun, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi. Iṣẹ́ tó yẹ kí n gbé fún ojú ni mo gbé fún etí.

Ìdí nìyí tí mo fi gé páálí títí ilẹ̀ fi ṣú lánàá, tí mo sì ya ilé kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ilé náà ní yàrá mẹ́wàá, márùn-ún lókè, márùn-ún nísàlẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì la àárín wọn kọjá, gẹ́gẹ́ bí ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé níbí ní Ìbàdàn, níbi tí yàrá ti ń dojú kọ yàrá. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ayálégbé, ẹnì kan ṣoṣo ni yàrá kan sì ń gbà.

Mo ní kí wọ́n fi ayálégbé méje wọlé. Ọmọkùnrin àná yẹn fi tirẹ̀ káàkiri, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ó wo páálí ẹni tó jókòó tì í, níbi tí ẹ̀gbẹ́ òkè ti kún tí méjì sì wà nísàlẹ̀, ó ní, “Àǹtí, tèmi kì í ṣe méje.” Mi ò dá a lóhùn. Ó ka tirẹ̀, ó ka ti ẹnì kejì rẹ̀, ó tún ka tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan ti ìdérí kan gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá bọ́ sí yàrá òkè tó ṣófo, ó ti òmíràn tẹ̀ lé e, títí ilé méjèèjì fi rí bákan náà. Ó wá mí kanlẹ̀. Ohun tó yé e níbẹ̀, pé méje kì í yí padà bí a bá tún un tò, kò sí orin tí mo lè fi kọ́ ọ.

Nígbà tí mo béèrè pé yàrá mélòó ló ṣófo, ọmọbìnrin kan dáhùn lọ́gán pé mẹ́ta, láìka nǹkan kan. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. “Òkè ti kún, Àǹtí. Méjì wà nísàlẹ̀, ó wá ku mẹ́ta.” Ojú ẹ̀dá lè mọ ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà láìkà á, ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí a kà á, ìtò márùn-márùn yìí ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ kíkà. Georges Cuisenaire, olùkọ́ ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó tẹ ìwé jáde lọ́dún 1952 lórí àwọn igi aláràbarà rẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ ńlá, nítorí bí a bá to igi funfun, tó dúró fún ọ̀kan, mọ́ igi búlúù, tó dúró fún mẹ́sàn-án, gígùn wọn á bá ti olómi ọsàn, tó dúró fún mẹ́wàá, mu gẹ́lẹ́. Síbẹ̀, fún ọmọ ọdún mẹ́fà, yàrá tó ṣófo tẹ́ mi lọ́rùn ju igi lọ, torí ohun tó kù sílẹ̀ gan-an ló ń rí.

Ohun tó wá ń dùn mọ́ mi nínú jù ni ibi tí èyí ń gbé wa lọ. Láti orí mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, lílé ni Yorùbá ń lé lórí ẹ̀wá, ṣùgbọ́n láti orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ń dín kúrò nínú ogún. Ọmọ tó bá pe mẹ́rìndínlógún ti pe ẹnì kejì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn: mẹ́rin ló dín kí ó tó pé ogún, yàrá mẹ́rin ló ṣófo. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nílé, kò sì sẹ́ni tó tú u fún wọn rí.

Nítorí náà, lọ́la, a ó kọ́ ilé kejì ti ìkíní, kí yàrá lè di ogún. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ní, ìdérí 520 ni a ó lò, 390 ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ìyá tó ń ta ohun mímu tútù lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ bá mi ṣa díẹ̀ sínú ọ̀rá, mo sì kà á tán kí n tó jókòó kọ èyí. Ó jẹ́ 118. Ó ku méjìlá.